Ààbò Ọdẹ Lórí Ẹ̀gùn

Ẹ̀gùn ni ìjókòó tàbí pẹpẹ tí ọdẹ gbé sára igi, níbi tó ti ń ṣọ́ ẹran tí yóò gba ìsàlẹ̀ kọjá. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, ó sì wà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ibi tó ti gbilẹ̀ jù lóde òní ni Amẹ́ríkà ti Àríwá, pàápàá láàárín àwọn tó ń dẹ àgbọ̀nrín onírù-funfun. Ààbò lórí ẹ̀gùn ni àpapọ̀ ìmọ̀, irinṣẹ́ àti òfin tí kò ní í jẹ́ kí ọdẹ já bọ́, tí yóò sì dín ewu kù bó bá já.

Bí wọ́n bá ní nǹkan ṣe ọdẹ nínú igbó, ìbọn ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ohun tí àwọn oníṣègùn rí ní Amẹ́ríkà yàtọ̀. Igi ń ṣe ọdẹ àgbọ̀nrín léṣe gan-an, nígbà mìíràn ju ìbọn lọ. Kì í sì í ṣe ìgbà tí ọdẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ ni ewu pọ̀ jù, bí kò ṣe ìgbà tó ń gùn, ìgbà tó ń sọ̀, àti ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fi ń ti orí àkàbà bọ́ sórí pẹpẹ. Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ ààbò òde òní fi dá lórí ìlànà kan ṣoṣo: kí okùn so ọdẹ mọ́ igi láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀ títí yóò fi padà kanlẹ̀.

Ìdí tí ọdẹ fi ń gun igi

Imú ni àgbọ̀nrín onírù-funfun fi ń ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn ènìyàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò ti fò sá kí ọdẹ tó mọ̀ pé ó wà nítòsí. Òórùn ọdẹ tó wà lókè lè gba orí ẹran kọjá. Ẹran kì í sì í sábà gbójú sókè wá ewu, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ ń ríran jìnnà ju ẹni tó dúró láàárín igbó lọ. Èyí ṣe pàtàkì fún ọlọ́fà, nítorí ó ní láti dúró kí ẹran sún mọ́ ọn tó nǹkan bíi 20 sí 30 mítà kó tó ta á. Àǹfààní mìíràn wà fún àwọn tó kù nínú igbó: ọta tàbí ọfà tó ti òkè wá máa ń forí sọlẹ̀, kì í rìn jìnnà lọ ba ẹlòmíràn.

Gíga tó wọ́pọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20, ìyẹn mítà 4.5 sí 6. Lójú ẹni tó wà nílẹ̀, gíga yìí kò jọ nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n ẹni tó já láti mítà 6 yóò kanlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ó lé díẹ̀, eré rẹ̀ yóò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Kò sí àyè láti di ẹ̀ka mú tàbí láti tún ara ṣe.

Bí ẹ̀gùn ṣe di ohun ilé iṣẹ́

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pákó àti ìṣó ni ọdẹ Amẹ́ríkà fi ń kan ẹ̀gùn tirẹ̀ mọ́ orí igi. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ni ó kọ́kọ́ ya àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín sọ́tọ̀ fún ọlọ́fà lóde òní, ní 1934. Bí ọlọ́fà ṣe ń pọ̀ sí i ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ni ìfẹ́ àtigun igi ń tàn kálẹ̀, nítorí ọlọ́fà kò lè ta ọfà jìnnà. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ẹ̀gùn onírin tí ènìyàn lè gbé kọ́ èjìká wọ inú igbó.

Ẹ̀gùn wá ṣáájú bẹ́líìtì ààbò tó dára. Ohun tí àwọn ọdẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ni ọ̀já kan ṣoṣo tí wọ́n ń dì mọ́ ìbàdí tàbí àyà. Bí ọdẹ bá já, ọ̀já àyà lè fún un títí tí kò fi ní í lè mí, ti ìbàdí sì lè dorí rẹ̀ kodò tàbí kí ó bọ́ lára rẹ̀ pátápátá. Ní 1995, àwọn tó ń ṣe ẹ̀gùn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Treestand Manufacturers Association, tí ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ TMA. Ẹgbẹ́ yìí gbé ìlànà kalẹ̀ lórí bí a ó ṣe dán irin, ọ̀já àti pẹpẹ wò. Lónìí, ẹ̀gùn tó bá ní àmì TMA máa ń bá bẹ́líìtì gbogbo ara wá nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìtọ́sọ́nà.

Oríṣi ẹ̀gùn

Ẹ̀gùn alákàbà ni èyí tí ìjókòó rẹ̀ wà lórí àkàbà gígùn tó fara ti igi. Òun ló rọrùn jù láti gùn, ìdí nìyí tí àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ń mú ọmọ lọ sóko ọdẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ewu rẹ̀ wà nígbà tí a bá ń gbé e dúró, nítorí kò tíì sí ohun tó so ó mọ́ igi. Ìmọ̀ràn àwọn tó ń ṣe é ni pé kí ó má dín ní ènìyàn mẹ́ta tí yóò gbé e nà: ẹni kan di ìsàlẹ̀ mú, àwọn yòókù gbé e sókè, kí wọ́n sì fi ọ̀já dì í mọ́ igi kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún.

Ẹ̀gùn àgbékọ́ ni pẹpẹ kékeré tí a fi ọ̀já tàbí ṣéènì dì mọ́ igi. Ọdẹ ní láti fi àtẹ̀gùn mìíràn gun igi dé ibẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì ṣeé fi pamọ́ sáàárín ewé, ṣùgbọ́n òun ló ní ibi ìbọ́sí tó léwu jù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń jẹ́ kí àtẹ̀gùn ga ju pẹpẹ lọ, kí òun lè tẹ ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ bọ́ sórí rẹ̀ dípò kí òun fa ara sókè.

Ẹ̀gùn agungi jẹ́ ìpín méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà tàbí ṣéènì tó yí igi ká. Ọdẹ yóò jókòó sórí ti òkè, yóò fi ẹsẹ̀ fa ti ìsàlẹ̀ sókè, yóò dìde lé e, yóò tún sún ti òkè. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí yóò fi dé ibi tó fẹ́. Igi máa ń tín-ín-rín bí a ṣe ń lọ sókè, nítorí náà ni a ṣe ń gbé imú pẹpẹ sókè díẹ̀ nígbà tí a wà nílẹ̀, kí ó lè tẹ́jú tí a bá dé òkè. Okùn gbọ́dọ̀ so ìpín méjèèjì pọ̀. Bí kò bá sí, ti ìsàlẹ̀ lè já bọ́ lẹ́sẹ̀ ọdẹ, kí ó sì fi í sílẹ̀ lókè láìní ohun tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀gùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dá dúró láìfara ti igi. Ó wọ́pọ̀ ní gúúsù Texas, níbi tí igi kò ga tó ohun tí ènìyàn lè gùn. Oríṣi kan tún ń gbilẹ̀ báyìí tí kò ní pẹpẹ rárá: ọdẹ jókòó sínú ọ̀já fífẹ̀ tó gba ìdí rẹ̀, ó kọjú sí igi, okùn tó wà lókè orí rẹ̀ sì gbé e dúró. Okùn ni ẹni tó ń lo èyí fi ń jókòó, nítorí náà kò lè gbàgbé láti so ara rẹ̀ nígbà tó bá dé òkè. Síbẹ̀ ó lè gbàgbé nígbà tó ń gùn.

Bí ọdẹ ṣe ń já

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fa jíjá. Èkíní ni irinṣẹ́: ọ̀já tó ti gbó, bóòtù tó ti tú, irin tó ti dípẹtà, tàbí pákó tí òjò ti rà. Èkejì ni igi fúnra rẹ̀, bóyá èèpo rẹ̀ ń ṣí tàbí ẹ̀ka rẹ̀ ti kú. Ẹ̀kẹta ni ọdẹ, òun ló sì gbòòrò jù.

Ọdẹ àgbọ̀nrín ń wọ igbó kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí òkùnkùn ti ṣú. Àsìkò ọdẹ wọn bọ́ sí oṣù tí òtútù ń mú, tí ìrì sì ń dì sórí irin. Ọdẹ wọ aṣọ tó nípọn àti bàtà ńlá, ọwọ́ rẹ̀ kú tìpìrì, oorun sì wà lójú rẹ̀ nítorí aago mẹ́rin òru ló ti jí. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìjókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, òun náà ni yóò sì fi wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Bí ẹran bá wá yọ lójijì, yóò dìde, yóò yí ara, yóò sì gbàgbé pé àyè ẹsẹ̀ òun kò ju pẹpẹ kékeré kan lọ. Àwọn mìíràn sùn lọ lórí ìjókòó. Oògùn tó ń mú oorun wá àti ọtí lè dá kún un, ṣùgbọ́n ìwádìí láti Ohio fi hàn pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó ṣèṣe ni wọ́n bá ọtí lára wọn. Ẹni tí orí rẹ̀ pé náà ń já.

Ìpalára

Àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà gbé àkọsílẹ̀ kan jáde ní 1989 lórí àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín ní Georgia láti 1979 sí 1989. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìpalára wọn tó jẹ mọ́ ẹ̀gùn. Ní 1993, ìwé ìròyìn Deer & Deer Hunting bi àwọn òǹkàwé rẹ̀ léèrè, àwọn tó ti já rí láti orí ẹ̀gùn sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Àwọn oníṣègùn ní Ohio yẹ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá méjì wò láti 1998 sí 2007. Nínú nǹkan bí 130 ọdẹ tí wọ́n gbé wá, ìdajì ló já, àwọn tí ìbọn bà kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó já ló ti orí ẹ̀gùn já.

Eegun ẹ̀yìn ni ó ń jìyà jù. Nínú àwọn tó já ní ìwádìí Ohio, ó lé ní ìdajì tí eegun ẹ̀yìn wọn fọ́. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ máa ń fọ́ ní gìgísẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀, agbára ìkanlẹ̀ náà yóò sì gba ojúgun àti itan gòkè dé ẹ̀yìn. Ẹni tó fi orí tàbí èjìká kanlẹ̀ lè fọ́ lọ́rùn tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ ṣèṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ló nílò iṣẹ́ abẹ. Ẹsẹ̀ àwọn kan kú títí ayé. Ohun tó tún ń pa ọdẹ ni pé òun nìkan ló wà: bí kò bá lè dìde, tí kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó lọ, òtútù òru lè parí ohun tí jíjá bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́líìtì gbogbo ara

Bẹ́líìtì gbogbo ara ni ọ̀já tó gba èjìká méjèèjì, àyà, ìbàdí àti itan méjèèjì. Bí ọdẹ bá já, ó ń pín agbára ìfàgùn sí itan àti èjìká, ó sì ń jẹ́ kí orí rẹ̀ wà lókè. Okùn àsomọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ọ̀já mìíràn tó yí igi ká. Ọ̀já igi yìí gbọ́dọ̀ ga tó orí ọdẹ tàbí kó ga jù ú lọ, kí okùn àsomọ́ má sì dẹ̀ nígbà tó bá jókòó. Bí okùn bá gùn jù, ọdẹ yóò já jìnnà kí okùn tó mú un, agbára ìfàgùn yóò pọ̀, ó sì lè rọ̀ sísàlẹ̀ pẹpẹ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní í tó o mọ́.

Ìwọ̀n náà ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀gùn àti bẹ́líìtì ni wọ́n kọ pọ́n-ùn 300 sí lára, ìyẹn nǹkan bíi kílò 136. Kì í ṣe ọdẹ nìkan ni a ó wọ̀n síbẹ̀. Aṣọ, bàtà, àpò, ìbọn tàbí ọrun, gbogbo rẹ̀ ni. A tún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán bẹ́líìtì wò nítòsí ilẹ̀, pẹ̀lú ẹlòmíràn nítòsí, kí ọdẹ mọ bó ṣe ń rí láti rọ̀ sínú rẹ̀ àti bí òun yóò ṣe padà sórí pẹpẹ.

Gígùn àti sísọ̀ kalẹ̀

Bẹ́líìtì tí a so mọ́ igi lẹ́yìn tí a ti gòkè tán kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ohun tó dí àlàfo yìí ni okùn ààbò gígùn tí a so mọ́ igi lókè ìjókòó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì so mọ́ ìdí igi. Lára okùn yìí ni kókó Prusik wà, tí wọ́n fi orúkọ Karl Prusik pè, ará Austria tó ń gun òkè, tó gbé e jáde ní 1931. Ọwọ́ lè tì í sókè tàbí kí ó fà á sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tí ìwúwo ènìyàn bá fà á lójijì, yóò fún mọ́ okùn, kò sì ní í yẹ̀. Ọdẹ so bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ kókó yìí nílẹ̀, ó ń tì í gòkè bó ṣe ń gùn, kò sì tú u títí yóò fi padà sílẹ̀.

Nígbà tí a bá ń gbé ẹ̀gùn tàbí okùn náà kọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, kò tíì sí okùn lókè. Níbẹ̀ ni a ti ń lo okùn àyíká, tó ti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí kan yí igi ká dé ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ọdẹ lè fi ara tì kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ṣiṣẹ́. Bí igbà adẹ́mu ṣe ń ṣe sí ọ̀pẹ ni èyí náà ń ṣe sí igi, àyàfi pé bẹ́líìtì gbogbo ara ni a fi kọ́ ọ.

Yálà okùn wà tàbí kò sí, ìlànà ìkan-mẹ́ta kò yí padà: ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, gbọ́dọ̀ máa kan àtẹ̀gùn nígbà gbogbo. Kí ọdẹ má fi ẹ̀ka igi ṣe àtẹ̀gùn, kí ó má sì fò láti orí àkàbà sórí pẹpẹ.

Yíyan igi

Igi tó yè, tó dúró ṣánṣán, tó sì nípọn tó ohun tí olùṣe ẹ̀gùn kọ ni a ń wá. Igi tó ti kú, tó fì, tó ní ihò, tàbí tí èèpo rẹ̀ ń ṣí kò dára. Òpó iná kò ṣeé gùn rárá. Ní Amẹ́ríkà, igi ash ti di ohun ìfura láti 2002, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó ti Éṣíà wá nítòsí Detroit ní Michigan. Kòkòrò yìí ń jẹ abẹ́ èèpo igi ash, ó sì ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀. Igi ash tó ti kú lè dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é, ṣùgbọ́n ó máa ń kán lójijì. Ọdẹ tó ti ń lo igi kan fún ọdún mẹ́wàá ní láti tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún bí ẹni tí kò rí i rí.

Ìbọn, ọfà àti ẹrù

A kì í gbé ìbọn tàbí ọrun gun igi. Ọdẹ yóò yọ ọta kúrò nínú ìbọn, yóò fi okùn so ó nílẹ̀, yóò gòkè, yóò so ara rẹ̀ mọ́ igi, lẹ́yìn náà ni yóò fa ẹrù rẹ̀ sókè, pẹ̀lú ẹnu ìbọn ní ìkọjú sísàlẹ̀. Ẹni tó bá so okùn mọ́ ibi ìfàyìn ń wá wàhálà. Orí ọfà mú bí abẹ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà nínú apó tó bò ó dáadáa. Àwọn ọdẹ kan ti já lé ọfà tiwọn. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀, ẹrù ni yóò ṣáájú: kí wọ́n yọ ọta, kí wọ́n sọ ìbọn kalẹ̀ sí ìhà tí wọn kò ní í gbà sọ̀ kalẹ̀.

Bí ọdẹ bá rọ̀ sórí okùn

Bẹ́líìtì tó mú ọdẹ kò tíì parí iṣẹ́. Ẹni tó rọ̀ láìmira nínú bẹ́líìtì wà nínú ewu mìíràn, nítorí ọ̀já itan ń há ìṣàn ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dúró sí ẹsẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ ni ó máa ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tí a bá ń rìn. Bí ẹsẹ̀ kò bá rí ibi tẹ̀, èyí tó ń padà sí ọkàn yóò dín kù. Òòyì lè kọ́ ènìyàn, ó lè dákú, ó sì lè kú bí kò bá sí ìrànlọ́wọ́. Kò gba wákàtí púpọ̀. Ìṣẹ́jú ni a ń fi kà á.

Nítorí náà ni bẹ́líìtì tó dára fi máa ń ní ọ̀já ìtẹsẹ̀, tí ọdẹ lè tú sílẹ̀, kí ó tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ó sì dìde dúró nínú rẹ̀ láti gba ìwúwo kúrò ní itan. Bí kò bá ní èyí, kí ó máa ta ẹsẹ̀, kí ó máa fi ẹsẹ̀ ti igi, kí ó sì gbìyànjú láti padà sórí pẹpẹ tàbí àtẹ̀gùn. Fóònù, fèrè àti iná tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó nígbà tó bá rọ̀, kì í ṣe nínú àpò tó fi kọ́ sára igi. Kí ó tó kúrò nílé, kí ẹnì kan mọ igi tó ń lọ gùn àti wákàtí tí yóò padà. Àwọn tó bá wá gbà á kò gbọ́dọ̀ fi ìbẹ̀rù gé okùn, nítorí jíjá tí bẹ́líìtì dá dúró yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Oòrùn ń jẹ ọ̀já, ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku ń gé e jẹ, igi tó ń sanra sì ń fà á gùn títí yóò fi já. Ìdí nìyí tí a ṣe ń tú ẹ̀gùn sílẹ̀ nígbà tí àsìkò ọdẹ bá parí, dípò kí a fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Kí a tó tún un gbé, a ó wo gbogbo bóòtù, gbogbo ibi tí a ti jó irin pọ̀, àti gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ọ̀já. Bẹ́líìtì náà ní ọjọ́ orí. Ìlànà TMA ni pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 5, tàbí lójú ẹsẹ̀ bó bá ti gba ẹnì kan lọ́wọ́ jíjá, kódà bí kò bá sí àpá lára rẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ọjà, CPSC, máa ń kéde ẹ̀gùn tí wọ́n bá rí àbùkù lára rẹ̀ kí àwọn tó rà á lè dá a padà. Ẹni tó bá ra àlòkù ni ó yẹ kó kọ́kọ́ wo ìkéde yìí.

Òfin àti ẹ̀kọ́

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe òfin ọdẹ tirẹ̀. New York sọ ẹ̀kọ́ ọdẹ di dandan fún àwọn ọ̀dọ́ ní 1949, ó sì jẹ́ ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Owó orí ìbọn àti ọta tí òfin Pittman–Robertson ti 1937 yà sọ́tọ̀ fún ẹranko igbó ni a ń fi ṣe apá kan ẹ̀kọ́ yìí láti 1970. Ní Texas, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó lè dẹ. Ní Georgia, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1961 ni ààlà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó pọ̀ ní Houston àti Atlanta wà lábẹ́ òfin yìí bí ẹnikẹ́ni mìíràn. Ẹ̀kọ́ ààbò lórí ẹ̀gùn wà nínú ẹ̀kọ́ ọdẹ náà.

Òfin tó pàṣẹ bẹ́líìtì kò wọ́pọ̀. Alabama wà lára àwọn tó ṣe é: ní àwọn igbó tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó fún ọdẹ, ẹni tó bá wà lórí igi gbọ́dọ̀ wọ bẹ́líìtì gbogbo ara. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má kan ìṣó mọ́ igi nínú igbó ìjọba, èyí tó ń dáàbò bo igi, tó sì ń dín pákó jíjẹrà kù. Lóṣù Kẹsàn-án, kí àsìkò ọlọ́fà tó gbóná, àwọn olùkọ́ ọdẹ máa ń polongo ohun mẹ́ta: kí a yẹ irinṣẹ́ wò, kí a di bẹ́líìtì, kí a sì so ara mọ́ igi kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Ní ilẹ̀ mìíràn

Ní Jámánì, ẹ̀gùn onígi tó dá dúró, tí wọ́n ń pè ní Hochsitz, wà lẹ́bàá oko àti igbó káàkiri. Àjọ adójútòfò àwọn àgbẹ̀, SVLFG, ní ìlànà fún un: a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lò ó, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ọta kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìbọn nígbà tí a bá ń gùn ún tàbí tí a bá ń sọ̀. Ní Íńdíà, machan ni orúkọ pẹpẹ orí igi. Jim Corbett, tó dẹ àwọn ẹkùn àti àmọ̀tẹ́kùn ajènìyàn ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya, wà lórí machan nínú igi máńgòrò nígbà tó pa àmọ̀tẹ́kùn Rudraprayag ní 1926. Ohun tó ń bẹ̀rù nígbà náà ni ẹran tó lè gun igi bá a, nítorí náà gíga nìkan kò tó fún ààbò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Ọdẹ Yorùbá ti ń jókòó lórí ẹ̀gùn tipẹ́, lẹ́bàá omi, lábẹ́ igi eléso tí ẹran ń wá jẹ, tàbí lójú ọ̀nà tí ẹran ń tọ̀. Ẹ̀ka àti igi gbọọrọ tí a fi ìtàkùn dì ni a fi ń ṣe é. Òru ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́, nítorí náà gígùn àti sísọ̀ nínú òkùnkùn, tó ń ṣe ọdẹ Amẹ́ríkà léṣe, wà níbí pẹ̀lú. Jíjá láti orí igi kì í ṣe nǹkan àjèjì fún àwọn dókítà wa. Nínú ìròyìn láti ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, jíjá láti orí ọ̀pẹ àti igi eléso wà lára ohun tó ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀.

Irinṣẹ́ tó yẹ kò jìnnà. Irú bẹ́líìtì gbogbo ara kan náà ni àwọn tó ń gun òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn ń wọ̀, kókó Prusik kò sì ju okùn lásán lọ. Igbà ti kọ́ adẹ́mu tipẹ́ pé ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ kì í fi ọwọ́ nìkan gbẹ́kẹ̀ lé e. Èyí tó kù ni kí ọdẹ náà gbà pé ìgbà tó ń gùn àti ìgbà tó ń sọ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ ọdẹ, kí ó sì máa so ara rẹ̀ mọ́ igi ní gbogbo ìgbà náà, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti jókòó.